Ẹ̀ga Òkè Oṣè

Kí omi tó gba Àgọ́ Ìyápọ̀ lọ́wọ́ wa, ẹ̀ga ló máa ń jí wa, kì í ṣe àkùkọ. Igi oṣè kan wà lẹ́yìn ilé Baálé, ẹ̀ga kún orí rẹ̀ bí èrò ṣe ń kún ọjà Ìsẹ́yìn. Wọn a hun ilé, wọn a tún un tú, wọn a máa bú ara wọn láti ìdájí títí oòrùn á fi wọ̀. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n gbé mi wọlé láti Ìpàpó, ọkọ mi Ràsáàkì gbọ́ tí mò ń bá ewúrẹ́ kan jà lẹ́yìnkùlé, ó ní òun rò pé ẹ̀ga kan ló já bọ́ láti orí igi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ẹ̀ga. N kò bínú. Ẹnu tí Ọlọ́run fún mi ni mò ń lò, n kò yá ti ẹnikẹ́ni.

Ní Ìpàpó tí wọ́n ti bí mi, ẹyẹ lásán lẹ̀ga. Ó ń jẹ wá lọ́kà, à ń sọ ọ́ lókò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní Àgọ́ Ìyápọ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀ga kì í gbé ibi tí èèyàn kò sí. Bí wọ́n bá tẹ abà tuntun dó, wọn kì í pè é ní ìlú títí ẹ̀ga yóò fi wá hun ilé síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìtẹ́ àkọ́kọ́ bá hàn, obìnrin tó dàgbà jù lọ á da ẹ̀kúnwọ́ ọkà bàbà sí ìdí igi náà, á ní, "Ìlú ti dúró." Bí ẹ̀ga bá sì kó kúrò níbì kan, kí àwọn èèyàn ibẹ̀ tètè di ẹrù. Mo kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó pẹ́, mo dákẹ́. Bí o bá gbé láàárín èèyàn pẹ́ títí, ìgbàgbọ́ wọn a máa wọ ara rẹ bí òórùn èéfín ṣe ń wọ aṣọ.

Ìjọba wá dí odò. Àwọn tó wá sọ fún wa wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n na ọwọ́ sí gbogbo ilẹ̀ tí à ń wò, wọ́n ní omi á bò ó. Wọ́n na ọwọ́ sí Òkè Oṣè tó wà lẹ́yìn abà wa, wọ́n ní ìyẹn nìkan ni omi kò ní dé. Wọ́n kó wa sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n dà wá sí ibì kan tí kò ní igi kankan, ilé tò lọ rẹrẹẹrẹ bí eyín tí wọ́n fi pákò fọ̀. Ilé Páànù là ń pe ibẹ̀ títí di òní, nítorí páànù nìkan ni a rí níbẹ̀. Lọ́sàn-án, bí o bá wà ní ibi tó jìn, á máa tàn yòò sí ọ lójú bí ẹni pé iná ń jó.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn fẹ́ gbéra, Ràsáàkì bọ́ sílẹ̀. Ó ní òun gbàgbé èbù iṣu òun sínú àká.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ó ní, "Ẹ̀ga, ilẹ̀ tuntun là ń lọ. Kí ni a fẹ́ gbìn síbẹ̀? Páànù?"

Ó gbé agbọ̀n àti ọkọ́ rẹ̀, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà kò fún ẹnikẹ́ni láyè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ọ̀nà mọ́, kò sí Àgọ́ Ìyápọ̀ mọ́. Omi ni a ń wò, orí igi díẹ̀díẹ̀, àti Òkè Oṣè lókèèrè, tí omi yí ká bí ẹni pé wọ́n gé e kúrò lára ayé.

A ké, a ké létí omi títí ohùn wa fi há. Kò sẹ́ni tó mọ odò wẹ̀ nínú wa. Àgbẹ̀ oníṣu ni wá, odò tó jìn jù lọ tí a mọ̀ kò ju orúnkún lọ. Baálé Ládòkun, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ olórí wa, ní omi ti gbé e. A sunkún. Ṣùgbọ́n òkú kò sí nílẹ̀, Lèmọ́mù sì ní a kì í sáré kírun òkú sí ẹni tí a kò rí òkú rẹ̀, a ní láti dúró ná.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún náà, mo lọ pọn omi, mo gbójú sókè, mo rí èéfín lórí Òkè Oṣè. Ó tín-ín-rín, ó lọ sókè tààrà bí okùn. Mo sọ garawa sílẹ̀, mo sáré wálé, mo pariwo títí gbogbo ilé fi tú jáde.

Baálé kó àwọn àgbà sẹ́yìn, a jọ lọ dúró létí omi. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ nígbà náà tó ń ṣọ́ omi fún ìjọba, ó ní ọkọ̀ ojú omi kan tó ń lo ẹ́ńjìnnì. Ó ní bí Baálé bá ti sọ pé èèyàn wà lọ́hùn-ún, òun á gbé ọkọ̀ lọ wò ó. Baálé fi ọwọ́ bo iwájú orí, ó wo òkè náà títí. Ojú àpáta funfun báláú. Lékeléke ló bò ó, àti àwọn ẹyẹ omi mìíràn tí a kò mọ̀ rí.

"Kí lẹ rí, Baba?" Èmi ni mo bi í.

"Ẹyẹ omi."

"Èéfín ńkọ́?"

"Ìkùukùu ni."

"Ìkùukùu kì í jáde láti ojú kan ṣoṣo bí ẹni pé wọ́n ń se ọbẹ̀."

Ó yíjú sí mi. "Àdìjátù, ṣé o rí ẹ̀ga kan ṣoṣo níbẹ̀?"

Mo wò ó. Ẹ̀ga kì í fara pamọ́. Bí ó bá wà lórí igi, wàá rí ìtẹ́ rẹ̀ tó so rọ̀ bí èso. Igi oṣè méjì tó wà lórí òkè náà ṣófo.

"N kò rí i," mo ní.

"Ìwọ tó wọlé lánàá kò lè mọ̀ ọ́n. Ibi tí èèyàn bá wà, ẹ̀ga a wà níbẹ̀. Ibi tí kò bá sí ẹ̀ga, kò séèyàn." Ó sì sọ fún ọlọ́kọ̀ náà pé, "Má wulẹ̀ fi epo rẹ ṣòfò. Ẹyẹ nìkan ló wà lọ́hùn-ún."

Gbogbo àgbà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyáálé mi, Ìyá Ràmọ́nì, mi orí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kò dún lọ́jọ́ náà. Mo tún rí èéfín náà lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọ́n ní ọ̀fọ̀ ti ń da orí mi rú. Ìjọba gbé ọlọ́kọ̀ náà lọ sí ibòmíràn, a kò rí ẹni tí a lè bẹ̀ mọ́. Àwa náà ń gbé nínú páànù wa, a ń wo ojú ọ̀run pé ẹ̀ga á dé. Ẹ̀ga kò dé.

Ọdún kẹta ló di pé ẹbí pinnu. Lèmọ́mù ní ó tó gẹ́ẹ́, kí a kírun sí Ràsáàkì lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí àwa ìyàwó rẹ̀ méjèèjì ṣe opó, kí a mọ ibi tí a wà. N kò jiyàn. Ìyáálé mi ló ń sunkún pé wọ́n fẹ́ fi ìrun ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ òun síta.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Àríyọ̀ wọlé wá. Àríyọ̀ yìí, ará Àgọ́ Ìyápọ̀ ni, oníṣu bíi tiwa. Nígbà tí omi gba oko rẹ̀, ó tẹ̀lé àwọn Tápà tó wá pẹja, wọ́n kọ́ ọ ní ọkọ̀ títù. Ó bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálé. Kò tilẹ̀ kí wa dáadáa.

Ó ní, "Mo gba ẹ̀yìn Òkè Oṣè kọjá láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ga ti kún ibẹ̀."

Àwọn àgbà gbójú sókè.

Baálé ní, "Ẹ̀ga? Ṣé kì í ṣe ológoṣẹ́?"

"Baba, ṣé èmi ni mi ò mọ ẹ̀ga? Ìtẹ́ wọn bo igi. Ariwo wọn pọ̀ ju ti ìyàwó yín yìí lọ." Èmi ló ń nàka sí.

Ìyáálé mi ti dìde. Ó di orí mú. "Ràsáàkì wà láàyè! Ẹ ò gbọ́ ni? Ọkọ mi wà láàyè!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, obìnrin tó ti ń fi ọ̀pá rìn.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù," Baálé ní.

Mo ní, "Sùúrù ti kí ni, Baba? Nígbà tí kò sí ẹ̀ga, ẹ ní kò séèyàn. Ẹ̀ga ti wá dé. Ẹ bọ́ sínú ọkọ̀."

"Èmi? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi yìí?"

"Ẹsẹ̀ kọ́ la fi ń jókòó sínú ọkọ̀."

Ẹnìkan fi ẹ̀rín pamọ́ sínú ikọ́. Baálé fajú ro, ó ní ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, ṣùgbọ́n òun kò rán obìnrin kankan sójú omi. Mo ní a ti gbọ́, ẹ kú ìjókòó.

Bí a ṣe lọ nìyẹn, èmi, ìyáálé mi, àti Àríyọ̀ tó ń tukọ̀.

Ẹrù tí Ìyá Ràmọ́nì gbé! Ó di bùbá àti ṣòkòtò òfì tí Ràsáàkì máa ń wọ̀ lọ kírun Iléyá, ó rọra tò ó sínú igbá bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Ó bu òrí sínú ìkòkò kékeré, ó ní ara ọkọ wa á ti yi bí èèpo igi, òun á fi pa á lára kí a tó gbé e wọ̀lú. Ó so ọkà bàbà mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ fún ẹ̀ga.

"Tí a bá débẹ̀," ó ń sọ fún mi nínú ọkọ̀, "má fi ariwo pàdé rẹ̀ o. Ẹni tó ti dá gbé pẹ́, etí rẹ̀ á ti rọ̀. Èmi ni màá kọ́kọ́ kí i. Èmi ni ìyáálé."

"Ẹ kí i títí. Tí ẹ bá kí i tán, èmi á wá bá a jà."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí èbù iṣu. Ta ló ń fi ìyàwó méjì sílẹ̀ nítorí èbù?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi mì, Àríyọ̀ kígbe pé kí a jókòó jẹ́ẹ́. N kò rí ẹ̀rín rẹ̀ láti ọdún tí omi dé. Bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín, nǹkan kan tú nínú èmi náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí màá kọ́kọ́ sọ fún un. Mo rò ó pé á pè mí ní Ẹ̀ga, pé màá dá a lóhùn pé ẹ̀ga ti yé ẹyin tán, ó ti di arúgbó.

Omi náà dákẹ́ rọ́rọ́. Igi ẹ̀mí àti igi igbá tí a ti ń ká èso wọn tẹ́lẹ̀ dúró láàárín rẹ̀, wọ́n ti kú, wọ́n bó, wọ́n funfun bí egungun. Àríyọ̀ ń gba àárín wọn kọjá. Ó dé ibì kan, ó dẹwọ́ ọkọ̀ títù.

"Orí ilé Baálé la wà yìí," ó ní.

Mo wo ìsàlẹ̀. Omi dúdú ni mo rí. Ẹ̀ka igi oṣè ẹ̀yìnkùlé yọ díẹ̀ sókè, kò sí ewé lára rẹ̀, lékeléke kan dúró sórí rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan. Ìyáálé mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

Nígbà tí a sún mọ́ Òkè Oṣè, n kò ní purọ́, ibẹ̀ rẹwà. Àpáta pupa dìde láti inú omi lọ sókè bí ògiri ààfin, omi ń ṣẹ́ sí ìdí rẹ̀, oòrùn ń ṣeré lára rẹ̀. Àwọn ẹyẹ tí a kò ní ní Òkè-Ògùn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá omi dé, pọ̀ níbẹ̀ lọ bí eéran. Òfú wà níbẹ̀, àpò rọ̀ sábẹ́ ẹnu rẹ̀ bí àpò alágbe. Agúfọn ń rìn létí omi, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ìyàwó tuntun tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí òun lára. Àwọn dúdú kan wà tí n kò mọ orúkọ wọn, wọ́n na ìyẹ́ méjèèjì sínú oòrùn bí ẹni tó ń sá aṣọ. Ariwo, òórùn ẹja, ìgbẹ́ ẹyẹ funfun lórí gbogbo òkúta. Bí ó bá jẹ́ pé a wá wòran ni, à bá máa yọ̀.

A bọ́ sílẹ̀. Ìyáálé mi ti ń pè é kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀. "Ràsáàkì o! Àwa la dé o!"

Àwọn ẹyẹ yíjú sí wa. Wọn kò fò.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fura. Mo rìn láàárín wọn, òfú kan jókòó lórí ẹyin rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́, ojú lásán ló fi ń wò mí. Ẹyẹ tó bá ti bá èèyàn gbé, tí ebi sì ń pa èèyàn náà, á ti kọ́ láti sá. Àwọn wọ̀nyí kò mọ ohun tí èèyàn jẹ́. N kò sọ ọ́ jáde. Ìyáálé mi ń lọ níwájú, ó ń tẹ̀lé ariwo ẹ̀ga.

Lẹ́yìn òkè náà ni wọ́n wà, níbi tí Ilé Páànù kò lè rí. Igi oṣè kan ti tẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àpáta, gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ rọ̀ sórí omi. Ìtẹ́ bò ó. Ẹ̀ga ń wọlé, ẹ̀ga ń jáde, pupa rúsúrúsú, orí dúdú, wọ́n ń jà, wọ́n ń kọ́lé. Ìyá Ràmọ́nì kúnlẹ̀, ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó da ọkà bàbà sílẹ̀.

"Ìlú ti dúró," ó ní. "Ràsáàkì, jáde wá. Ìlú ti dúró."

Ẹ̀ga ló dá a lóhùn.

Àríyọ̀ wo igi náà, ó wo omi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó wa, mo rò pé mo ti ṣì yín lọ́nà. Ejò ni ẹ̀ga ń sá fún. Nílé, àwa là ń bá wọn pa ejò. Ibí yìí, omi ni kò jẹ́ kí ejò gun ẹ̀ka yẹn. Wọn ò nílò ẹnikẹ́ni."

"Má sọ fún un," mo ní.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti òkè. Ó ti gun orí àpáta lọ. Ayọ̀ ló wà nínú igbe náà. "Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọkọ mi!"

Ebè ni. Ebè iṣu, títò bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n, lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ díẹ̀ tó wà láàárín òkúta. Kò sí ẹlòmíràn tó ń kọ ebè bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Àgọ́ Ìyápọ̀. Ràsáàkì a máa gbá ẹ̀yìn ọkọ́ mọ́ orí ebè kí ó tó fi í sílẹ̀, ó ní kí ebè ní orí bí èèyàn. Ojú ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Èbù tó torí rẹ̀ padà, ó gbé e dé ibí, ó sì gbìn ín.

Ìyáálé mi ń fò mọ́lẹ̀. Èmi ń wo ebè. Ìlà tó wà níwájú, wọ́n ti wa á, ihò ló kù, òjò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ihò náà tán. Ìlà tó wà lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò wa á. Iṣu ti jẹrà sínú rẹ̀, ó ti tún hù, ó ti tún jẹrà, ìtàkùn rẹ̀ ti fà káàkiri orí òkúta. Ràsáàkì kì í fi iṣu sílẹ̀ sínú ebè di ọdún kejì. Kó máa ṣàìsàn, á wa iṣu.

Abẹ́ òkúta ńlá kan ni ó ń sùn. Koríko tó tẹ́ wà níbẹ̀, ẹyẹ ti yé sí i. Òkúta ààrò mẹ́ta wà níbẹ̀, dúdú. Mo fi ìka kan òkúta ààrò náà, èéfín rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìkùukùu Baálé nìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi òkúta kéékèèké yí ilẹ̀ ká, ó kọjú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ibi tó ń kírun ni. Orúnkún rẹ̀ ti jẹ ilẹ̀ níbẹ̀.

"Ó lọ dẹ ìgbẹ́ ni," ìyáálé mi ń wí. "Ó lọ dẹ pàkúté. Ẹ jẹ́ ká dúró dè é."

"Ìyá Ràmọ́nì."

"Ẹ jẹ́ ká dúró dè é, mo ní!"

Àríyọ̀ ló pè wá. Ó dúró sí etí omi, ní apá ibi tó kọjú sí Ilé Páànù, kò yíjú padà. A sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Lórí òkúta tó tẹ́jú, aṣọ kan wà tí wọ́n ká dáadáa, ṣòkòtò nísàlẹ̀, bùbá lókè, fìlà lórí rẹ̀. Ọkọ́ ló fi tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má gbé e. Òjò àti oòrùn ti sọ gbogbo rẹ̀ di àkísà, ìpẹtà ti jẹ irin ọkọ́ náà wọnú aṣọ.

Níwájú wa, lódì kejì omi, páànù wa ń tàn yòò. Mo lè ka òrùlé wọn. Mo rí ti Baálé. Mo rí tiwa.

Bí a ṣe dúró, ládánì wa pe ìrun àìlà. Omi a máa gbé ohùn. Ohùn náà dé ọ̀dọ̀ wa ketekete, bí ẹni pé ó dúró sẹ́yìn òkúta. Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ. Gbogbo ọdún tó fi jẹ iṣu rẹ̀ níbí, ó ń rí òrùlé wa, ó ń gbọ́ ìpè wa, ó ń dáná kí a lè rí èéfín, kò sẹ́ni tó wá. Ó wá bọ́ aṣọ rẹ̀, ó ká a bí ẹni tó fẹ́ padà wá wọ̀ ọ́, ó bọ́ sínú omi tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ìyá Ràmọ́nì kò sunkún. Ó jókòó sílẹ̀. Ó gbé aṣọ òfì jáde láti inú igbá, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó gbé àkísà náà sí àárín rẹ̀, ó dì í. Ó fi ìka bu òrí, ó fi pa ara òkúta tí aṣọ náà wà lórí rẹ̀, ó rọra ń pa á, ó ń pa á, títí òrí inú ìkòkò fi tán.

"Àdìjátù," ó ní nígbà tó yá, "ìwọ sọ pé èéfín ni."

Mo gba ìkòkò tó ṣófo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo mi orí," ó ní. "Àwọn ọkùnrin mi orí, èmi náà mi orí."

Àríyọ̀ lọ wa iṣu kan ṣoṣo tó ṣì dára nínú ebè tó kẹ́yìn. Èmi ni mo ní kó wa á. Èmi ni mo gbé e lé orí, mo sì mú ọkọ́ náà dání.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn ọkùnrin tò sí iwájú ilé Baálé, àwa obìnrin wà lẹ́yìn. Lèmọ́mù ní kí a kírun sí arákùnrin wa Ràsáàkì, ẹni tí omi gbé lọ lọ́jọ́ tí omi dé.

Mo dìde. Wọ́n ń fà mí láṣọ lẹ́yìn, mo já a gbà. Mo la àárín àwọn ọkùnrin kọjá, mo gbé iṣu àti ọkọ́ sílẹ̀ níwájú Lèmọ́mù.

"Ẹ forí jì mí, Lèmọ́mù, ẹ tún un sọ. Ẹni tí omi gbé lọ́jọ́ tí omi dé kò lè gbin iṣu yìí."

Wọ́n ní kí n jókòó. Mo ní n kò jókòó. Mo sọ ọ́ tán pátá, ebè, ààrò, ibi ìkírun, aṣọ tó ká. Mo ń sọ ọ́, mò ń wo Baálé Ládòkun lójú. Ọkọ́ àbúrò rẹ̀ ló ń wò. Ó mọ̀ ọ́n. Òun ló fún un ní ọkọ́ náà.

"Èéfín," ó ní. Ó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Èéfín ni, Baba."

Ó wo àwọn àgbà tó kù lọ́tùn-ún, ó wò wọ́n lósì. "Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ga níbẹ̀. Gbogbo yín la jọ wò ó. Ṣé ẹ̀yin rí ẹ̀ga? Kò sí ẹ̀ga níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Kò sí ẹ̀ga níbẹ̀. Ràsáàkì nìkan ló wà níbẹ̀."

Lèmọ́mù gbé ọwọ́ sókè, ó kírun náà. Kí ni kó tún ṣe? Kò dárúkọ omi mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, wọ́n ń yà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yẹra fún iṣu náà bí ẹni pé ó máa bu wọ́n jẹ. Ó wà níbẹ̀ títí ewúrẹ́ fi jẹ ẹ́ tán. Baálé kò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ títí ọ̀sẹ̀ fi pé. Wọ́n ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́, pé mo dójú ti àgbà. N kò lọ.

Ìyáálé mi kò sọ̀rọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú opó tí a jọ ṣe, ó máa ń jókòó ti ẹrù òfì yẹn, tí a bá gbé oúnjẹ fún un á ní kí a bu ti ọkọ wa sílẹ̀ ná. Mo máa ń bù ú sílẹ̀.

Mo lọ bá ládánì lọ́jọ́ kan. Mo ní tó bá ń pe ìrun, kó jọ̀wọ́ kó rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀.

Ó ní, "Nítorí kí ni, Ìyàwó? Ṣé kì í ṣe kí wọ́n lè gbọ́ ni mo ṣe ń pè é?"

Mo ní, "Omi ń gbé e lọ."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ lórí, ó gun òkìtì tó ti máa ń pe ìrun, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ pè é.